Káàdì Khaleel tí Kò Ní Èkejì

Bí ẹ bá pàdé Gbọ́lágadé Ọ̀ṣuntóyìn ní Aradagun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣèèṣì yin bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ o! Bí ẹ bá yìn ín pẹ́nrẹ́n, ẹ ó dúró lójú kan títí ẹsẹ̀ tiyín yóò fi wú. Á ní irú bàtà náà, méjì péré ni wọ́n ṣe nílé ayé. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, èkejì jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì, àwọn méjèèjì ló sì wà lẹ́sẹ̀ òun.

Ibà pàápàá kì í mú un bó ṣe ń mú gbogbo ayé. Nígbà tí ibà gbé e dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé nọ́ọ̀sì tó gún òun lábẹ́rẹ́ ní òun kò rí irú ibà bẹ́ẹ̀ rí, àfi lára ọba kan. Àgbọn ni Gbọ́lágadé ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín létí òkun, tó ń kó o sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí àríwá. Àgbọn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àgbọn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè wò! Á ní ọ̀bọ kì í gun igi tí wọ́n ti ká tòun, nítorí ọ̀wọ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹnu Gbọ́lágadé ló kún.

Ẹnu yìí náà ló kó bá a lọ́dọ̀ bàbá Adùnọlá. Adùnọlá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú Àgbádárìgì, Gbọ́lágadé sì ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti bí ọdún méjì. Ìfẹ́ tòótọ́ ni. Ìfẹ́ yìí nìkan ni ohun tí ó ní tí kì í fọ́nnu lé lórí, nítorí bó bá ti fojú kan ọmọbìnrin náà, gbogbo irọ́ tó tò sílẹ̀ á pòórá lẹ́nu rẹ̀, á wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ rin ní ìhà. Adùnọlá náà fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kó wá rí bàbá òun nílé wọn ní Apa.

Bàbá Olúbọ̀dé ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì jẹ́ àgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn á kọ́kọ́ bọ́ awò ojú wọn, wọn á nù ún, wọn á tún un wọ̀. Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ tán, ẹni tó ń dúró de ọ̀rọ̀ á ti làágùn.

"Gbọ́lágadé," ni bàbá wí nígbà tí ó dọ̀bálẹ̀ tán, "inú kò bí mi sí ọ. Ṣùgbọ́n ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí láyé. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí o mú dání ni."

Ẹ wò ó, ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè ì bá ní, "Bàbá, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, àti ìfẹ́ tí mo ní sí i." Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, a ì bá sì ti máa jẹ oúnjẹ ìgbéyàwó báyìí. Kí ni Gbọ́lágadé tiwa wí?

"Bàbá, ohun tí mo ní, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Ẹyọ kan ṣoṣo ni ní gbogbo ayé! Àwọn òyìnbó ń wá a kiri, ojú wọn ti pọ́n!"

Bàbá bọ́ awò ojú. Wọ́n nù ún. Wọ́n tún un wọ̀.

"Kí ni nǹkan náà?"

Gbọ́lágadé lanu. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ó lanu tí nǹkan kan kò jáde.

"Ẹ... ẹ máa rí i ni, bàbá."

"Ó dáa. Mo fún ọ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Gbé e wá kí n fojú ara mi rí i. Bí mo bá rí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì lóòótọ́, mi ò ní dí ọ lọ́nà. Bí mi ò bá rí i, má fẹsẹ̀ kan àgbàlá yìí mọ́."

Adùnọlá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni Gbọ́lágadé dáhùn.

"Yéè! Gbọ́lágadé!"

Báyìí ni ó di ẹni tó ń wá ohun tí kò ní èkejì kiri. Ó wá a títí. Àgbọn ni ó kọ́kọ́ rò. Ojú mẹ́ta ni àgbọn máa ń ní, ó wá ní òun yóò wá èyí tó ní mẹ́rin. Ó yẹ ẹgbẹ̀rún kan àgbọn wò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ojú mẹ́ta mẹ́ta ni gbogbo wọn fi ń wò ó padà. Ó rí ewúrẹ́ kan ní Morogbo tí wọ́n ní ó ń dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Gbọ́lágadé pè é títí ohùn rẹ̀ fi há, ewúrẹ́ náà ń jẹ ewé tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà rù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí láàárọ̀ láì ní irọ́ kankan lẹ́nu, ẹ̀rù sì ba ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, ẹrù dé láti Kánádà. Démọ́lá, ẹ̀gbọ́n Gbọ́lágadé, ló fi í ránṣẹ́ sí ìyá wọn: ìpara, ògì àwọn òyìnbó, àti bàtà méjì. Inú bàtà kan ni wọ́n ti bá páálí pẹlẹbẹ kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n tì í mọ́ inú ike líle. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù ló wà lórí rẹ̀. Khaleel ni! Khaleel ọmọ Morogbo, tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ òkèèrè báyìí, tí gbogbo wa mọ̀ láti ìgbà tó ti ń gbá a lẹ́sẹ̀ lásán nínú iyanrìn. Etí káàdì náà ń dán bíi wúrà. Wọ́n dá ihò kékeré sí i nísàlẹ̀, wọ́n fi aṣọ pélébé kan síbẹ̀. Ẹnì kan fi báírò aláwọ̀ búlúù kọ nǹkan wúruwùru gba orí rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ 1/1.

Démọ́lá tún fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko ni ohùn náà. Gbọ́lágadé tẹ̀ ẹ́.

"Gbọ́lágadé, mo gbọ́ nípa ìwọ àti bàbá ọmọ yẹn. Ẹnu rẹ máa pa ọ́ lọ́jọ́ kan. Fara balẹ̀ gbọ́ mi dáadáa. Káàdì bọ́ọ̀lù kan wà nínú bàtà Màmá. Àwọn èèyàn ń kó irú rẹ̀ jọ níbí bí ẹni ń kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ. Mo ra páálí káàdì kan fún àwọn ọmọ mi, orí ló bá mi ṣe é, òun ni mo bá níbẹ̀. Irú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo péré ni wọ́n tẹ̀ ní gbogbo ayé..."

Gbọ́lágadé kò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti wà lójú títì! Ìṣẹ́jú kan ló gbọ́, ó ju fóònù sápò, ìṣẹ́jú méjì yòókù wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí ìṣẹ́jú méjì yìí.

"Ẹ fọ ojú yín kí ẹ tó wò ó!" ni ó ń ké kiri Aradagun. "Mi ò ní kí ẹ fọwọ́ kàn án o, wíwò ni mo ní! Ẹ fọ ojú yín!" Àwọn èèyàn sì fọ ojú. Ìyá oníbúrẹ́dì fọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá balẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù Fàwáz ọ̀rẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Fàwáz ni kó tẹ ìwé, kó ṣe fọ́tókópì rẹ̀, kó sì fi ike gbígbóná bò ó kí òjò àti afẹ́fẹ́ òkun má bà á jẹ́. Láminéètì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Láti Aradagun títí dé Morogbo, kò sí ìwé ẹ̀rí tí Fàwáz kò tíì láminéètì. Wọ́n ní ó tilẹ̀ láminéètì ewé kan tí bàbá arúgbó kan fẹ́ fi ṣe àgbo.

Fàwáz kò fọ ojú. Ó fa káàdì yọ nínú ike líle rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà.

"Kí ni 1/1 yìí? Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní! Ọjọ́ tó máa bàjẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ó ti kọjá o!"

"Òmùgọ̀! Ẹyọ kan nínú ẹyọ kan ni wọ́n kọ! Kò sí èkejì rẹ̀ láyé!"

"Háà! Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló wá ń fi báírò kọ wúruwùru sí ojú nǹkan ńlá báyìí?"

Gbọ́lágadé wò ó dáadáa. Inú bí i. "Àwọn ọmọ Bọ̀ọ̀dá Démọ́lá ni! Àwọn ọmọ Kánádà yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ṣé ó ṣeé nù?"

"Kí ni Fàwáz kò lè nù?"

Ó mú òwú, ó rì í sínú sípíríìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, ẹ má dí wọn lọ́wọ́. Fàwáz nù ún síwá, ó nù ún sẹ́yìn, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Káàdì náà mọ́ fónífóní. Gbọ́lágadé gbá a mọ́ra fún ayọ̀.

Nígbà tí ó gbé e délé, ìyá rẹ̀ wò ó, wọ́n sì pariwo.

"Àkísà! Ẹ gbà mí! Ẹ wo àbàwọ́n koríko lára aṣọ pélébé yìí! Ṣé nǹkan ìdọ̀tí lo fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn àna? Kí wọ́n lè ní èmi ni mi ò kọ́ ọ?"

"Màmá, bó ṣe wá nìyẹn."

"Bí ìwọ náà ṣe wá kọ́ lo ṣe wà báyìí. Mo wẹ̀ ọ́!"

Màmá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ aṣọ náà jáde, wọ́n jù ú sínú ààrò. Wọ́n gé léèsì funfun díẹ̀ lára èyí tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò náà. Ó dùn ún wò. Khaleel wá dà bí ọkọ ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ dé etí Bàbá Adédoyin, olórí ẹbí Ọ̀ṣuntóyìn. Ẹ mọ̀ pé onílẹ̀ ni ẹbí yìí, ojú wọn sì ti rí nǹkan lórí ilẹ̀. Wọ́n ti ta ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan kí ẹlòmíì tó tún un tà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì ti tọ ilé ẹjọ́ títí lọ́ọ́yà fi ń jẹun lọ́wọ́ wọn bí ọmọ ìyá. Bàbá Adédoyin pe àwọn àgbà ẹbí méjì, wọ́n jókòó yí káàdì ká.

"Gbọ́lágadé," ni wọ́n wí, "ohun kan ṣoṣo ní gbogbo ayé, tí kò ní òǹtẹ̀ lára? Ohun tó máa dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn! Ọ̀la ni ẹnì kan máa jáde ní Morogbo pé bàbá òun ló ni ín."

"Òótọ́ ni, bàbá! Mi ò rò ó débẹ̀ rárá!"

Wọ́n gbé òǹtẹ̀ ẹbí jáde, èyí tí wọ́n fi ń lu ìwé ilẹ̀. Gbà-à! Àyà Khaleel ló balẹ̀ sí, pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ àlùkò. Nítorí pé ìwé ilẹ̀ kì í pé láìsí ọwọ́ àgbà mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lù ú: Bàbá Adédoyin sí iwájú orí rẹ̀, akọ̀wé ẹbí sí orúnkún rẹ̀, ẹlẹ́rìí sí orí bọ́ọ̀lù. Gbọ́lágadé wá mú máàkà pupa. Ṣé ẹ rí nǹkan tí wọ́n máa ń kọ sára ògiri ilé, kí àwọn oníjìbìtì má bàa tà á lẹ́yìn onílé? Òun náà ló kọ sẹ́yìn káàdì, lẹ́tà gàǹgà gàǹgà: KÁÀDÌ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀.

Ó ku ẹyọ nǹkan kan. Wọ́n gbé e padà sọ́dọ̀ Fàwáz.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Fàwáz náà kì í wà ní ṣọ́ọ̀bù kí igun ìwé mú. Ó fi àlùmọ́gàjí gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin káàdì náà yíká roboto, ó fi ike sí i lójú àti lẹ́yìn, ó kì í bọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, orí Khaleel sì wú díẹ̀, ṣùgbọ́n Fàwáz ní ara tó jí pépé nìyẹn. Ó dá a lu lókè, ó fi okùn sí i kí Gbọ́lágadé lè gbé e kọ́rùn.

"Omi kò lè wọ̀ ọ́ mọ́," ni Fàwáz wí. "Ìwọ àti òun, ẹ lè jọ wẹ̀ nínú òkun."

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Ọjọ́ Sátidé ni. Gbọ́lágadé wọ agbádá, ó gbé Khaleel kọ́ àyà, òun àti Fàwáz gun ọ̀kadà méjì lọ sí Apa. Ó ní kí ọlọ́kadà tirẹ̀ máa rọra lọ, kí atẹ́gùn má bàa dààmú ohun iyebíye. Wọ́n rọra lọ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà kan tó ru igi fi kọjá wọn, tó sì kí wọn kú ìrìn.

"Kuabọ! Ẹ kuabọ o!" ni ìyá Adùnọlá fi kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ègùn ni wọ́n, ọmọ bíbí Apa, inú wọn sì dùn. "Nǹkan àwọn yovó, àwọn òyìnbó, ọ̀hún dà? Wọ́n ní ó ń dán!"

Nígbà tí wọ́n wọ pálọ̀, Gbọ́lágadé bá obìnrin kan tó jókòó ti bàbá pẹ̀lú àpótí kékeré lórí itan.

"Èmi kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù," ni Bàbá Olúbọ̀dé wí. "Mo wá pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Olúwagbọ́tèmi nìyí, mo kọ́ ọ níwèé rí. Káàdì bọ́ọ̀lù ló ń rà, òun náà ló ń tà, ní Èkó. Láti ìdájí ló ti wà lọ́nà."

Ẹ̀rù ì bá ba ẹlòmíì. Ẹ̀rù ba Gbọ́lágadé kẹ̀? Ayọ̀ ló kún inú rẹ̀! "Ẹ káàbọ̀, àǹtí! Ẹ rọra wò ó o, kó má bàa fọ́ yín lójú!"

Olúwagbọ́tèmi rẹ́rìn-ín. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú ìbọ̀wọ́ funfun wọ̀, ó mú awò tó ń sọ kékeré di ńlá jáde.

"Bàbá, mo ti gbọ́ nípa káàdì yìí," ni ó wí. "Láti oṣù mẹ́ta ni àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ti ń bi ara wa léèrè ibi tó wọlẹ̀ sí. Òótọ́ ni pé kò ní èkejì. Kì í ṣe nítorí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan o, ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà. Aṣọ pélébé kan wà lára rẹ̀. Ara jẹ́sì tí Khaleel wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gé e, àbàwọ́n koríko ọjọ́ náà ṣì wà lára rẹ̀."

Gbọ́lágadé fi ọwọ́ bo ojú léèsì náà.

"Khaleel fúnra rẹ̀ wá fi báírò búlúù buwọ́ lù ú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni! Lẹ́yìn náà, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó fi nǹkan kan kún un tàbí tó yọ nǹkan kan kúrò. Bó ṣe jáde gẹ́lẹ́ ni kó ṣe wà, títí kan ṣóńṣó igun rẹ̀."

Fàwáz gbójú sókè, ó ń ka pákó àjà ilé. Bàbá Olúbọ̀dé, tí kì í sún síwájú nítorí ẹnikẹ́ni, sún síwájú lórí àga. "Ohun ńlá nìyẹn," ni wọ́n wí. "Gbé e fún un."

Gbọ́lágadé di okùn ọrùn rẹ̀ mú. "Àǹtí, àlàyé yín ti tó. Kò yẹ kí ẹ tún fi ojú yín ṣe wàhálà."

"Gbọ́lágadé, gbé e fún un!"

Ó bọ́ ọ. Obìnrin náà gbà á. Ó gbé e sábẹ́ awò rẹ̀.

"Ta ni Adédoyin?"

"Olórí ẹbí wa ni, mà."

"Kí ni wọ́n ń wá níwájú orí Khaleel?"

"Wọ́n buwọ́ lù ú ni."

"Ọwọ́ Khaleel wá dà?"

Gbọ́lágadé wo Fàwáz. Fàwáz sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yìn: "A ti nù ún, mà. Ó mọ́ dáadáa."

"Ẹ nù ún!"

"Pẹ̀lú sípíríìtì, mà."

"Jẹ́sì rẹ̀ ńkọ́? Kí ni funfun yìí?"

Ìyá Adùnọlá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Inú wọn dùn pé àwọn náà mọ nǹkan kan. "Léèsì ni! Léèsì gidi sì ni o!"

Olúwagbọ́tèmi yí ẹ̀yìn káàdì padà kó lè rí nọ́ńbà. Gbájúẹ̀ ló rí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó dá a padà sínú àpótí. Bí wọ́n bá sì ti ń ká ìbọ̀wọ́ níwájú rẹ, ọ̀rẹ́ mi, ó ti parí.

Adùnọlá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá láti ìgbà yìí wá, bi í léèrè. "Gbọ́lágadé, ṣé Bọ̀ọ̀dá Démọ́lá kò sọ nǹkan kan fún ọ ni?"

"Wọ́n... wọ́n fi ohùn ránṣẹ́."

"Gbé fóònù wá."

Ó tẹ̀ ẹ́ níbi tí Gbọ́lágadé ti dá a dúró. Ohùn Démọ́lá gba gbogbo pálọ̀ kan.

"Gbọ́lágadé, mo mọ̀ pé o ti fò sókè báyìí. Jókòó! Jókòó, kí o gbọ́ èyí tó kù. Má yọ ọ́ nínú ike líle yẹn. Nǹkan búlúù tí o rí lójú rẹ̀, Khaleel ló kọ ọ́, má nù ún. Aṣọ tó wà níbẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ ni iyì rẹ̀, má jẹ́ kí Màmá rí i, torí mo mọ Màmá. Má jẹ́ kí àwọn bàbá ẹbí gbọ́ rárá, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó mú bó ṣe mú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àbúrò mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má gbé e dé ọ̀dọ̀ Fàwáz."

Fàwáz dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá oòrùn ti dé ibi tí ọlọ́kadà wà.

Gbọ́lágadé fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ Apa kò lanu fún un, símẹ́ǹtì ni. Olúwagbọ́tèmi ti fi ìborí bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Gbogbo wọn rò pé ẹkún ló ń sun títí ẹ̀rín fi bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ó wí, ó ń nu omi ojú. "Káàdì tó kúrò ní Kánádà, ẹyọ kan ni. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ṣì lè mú jẹ́sì mìíràn àti báírò mìíràn, kí wọ́n ṣe ohun tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí! Léèsì ìkórè, òǹtẹ̀ ẹbí, orí tó wú! Kò sí ẹ̀rọ tó lè tẹ irú rẹ̀ láéláé. Kò sí irú rẹ̀ lábẹ́ ọ̀run."

Ẹ wo Gbọ́lágadé! Ẹni tó ti fẹ́ kú, ó jí dìde! "Ẹ gbọ́, bàbá! Ẹnu wọn ni ẹ ti gbọ́ ọ o! Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀! Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe títà."

"Mo ti kà á lẹ́yìn rẹ̀," ni Olúwagbọ́tèmi dáhùn. "Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bá yín du ú."

Bàbá Olúbọ̀dé bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n nù ún. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n nù ún pẹ́ gan-an. Wọ́n wá tún un wọ̀.

"Mo ní kí o gbé ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì wá," ni wọ́n wí. "O sì gbé e wá. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mi ò mọ ohun tí káàdì yìí bù sí i, ṣùgbọ́n àgbà kì í sọ̀rọ̀ tán kó tún kó o jẹ. Mi ò ní dí ọ lọ́nà."

Gbọ́lágadé na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun! Ẹ ó pẹ́ fún wa!"

"Dìde. Mo ní èmi kò ní dí ọ lọ́nà. Ó kù sọ́wọ́ Adùnọlá fúnra rẹ̀."

Gbọ́lágadé yíjú sí i. Bó ṣe máa ń rí, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Adùnọlá gba káàdì náà lọ́wọ́ Olúwagbọ́tèmi. Ó wo orí Khaleel tó wú. Ó wo léèsì. Ó fi àtàǹpàkò pa igun tí Fàwáz gé roboto. Ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ràn èèyàn tí kò sì mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Ó wá rìn wá síwájú rẹ̀, ó gbé okùn náà kọ́ ọ lọ́rùn padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Gbọ́lágadé, ẹyọ kan ṣoṣo ni bàbá mi bí èmi náà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Adùnọlá mi! Kò sí èkejì rẹ láyé!"

"Mo sì ti rí bí o ṣe ń tọ́jú ohun tí kò ní èkejì," ni Adùnọlá wí. "Lọ kọ́kọ́ fi fọ́tókópì dánra wò."